Àwọn Àlejò Montesordo

Ní Montesordo, kò sẹ́ni tó ń wọ mùsíọ́mù àfi Ersilia tó ń tọ́jú rẹ̀. Àlejò ni wọ́n kọ́ ọ fún, ohun tí àwọn ará ìlú gbà nìyẹn. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ìbúra, orí òkúta tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ: orí obìnrin kan tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbẹ́, tí imú rẹ̀ ti kán. Ìyá Aláìnímú ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti fi Ìyá Aláìnímú búra, kò sẹ́ni tó tún ń bá a jiyàn.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba ń rán Dókítà Valenti bọ̀, dókítà ìwé, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́, láti wá wò ó bóyá èrò ṣì ń wá síbẹ̀, oorun dá lójú Ersilia. Bí mùsíọ́mù bá ṣófo, wọn yóò tì í pa, wọn yóò sì gbé Ìyá Aláìnímú lọ sí ìlú ńlá. Láti ìgbà tí Ersilia ti wà ní wúńdíá ló ti ń nu ojú òkúta náà. Ó lọ sunkún ní ilé kọfí Fosco, tí í ṣe olórí ìlú.

“Màmá Ersilia, ẹ nujú,” ni Fosco wí. “Àbí àlejò kọ́ ló ń wá? Àlejò la máa fún un.”

“Níbo lẹ ti fẹ́ rí wọn? Èyí tó wá gbẹ̀yìn, ó ṣìnà ni.”

“Àwa ńkọ́? Ṣé a ò lójú tá a fi ń wo nǹkan ni?”

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ń bọ̀, gbogbo ìlú di àlejò. Fosco wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun kó tó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, bó ṣe rí i tí àwọn ará Jámánì ń ṣe. Alápatà gbé kámẹ́rà bàbá rẹ̀ kọ́rùn. Àlùfáà bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé. Orúnkún rẹ̀, tí ojú ìjọ kò rí rí, funfun bí ẹ̀kọ. Kí dókítà má bàa mọ̀ pé onílé ni wọ́n, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pa iná ààrò bírẹ́dì, wọ́n ká aṣọ lórí okùn, wọ́n sì so àwọn ajá mọ́ ìdí igi ólífì lóko.

“Ẹ ò gbọdọ̀ sọ èdè wa dáadáa o,” ni Fosco kìlọ̀.

“Èmi ò gbọ́ òmíràn,” ni alápatà wí.

“Ìwọ ṣáà máa rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ ti gọ̀ tó tẹ́lẹ̀.”

Dókítà Valenti dé, ó bá èrò tó ń tira wọn lẹ́nu ọ̀nà mùsíọ́mù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí Ìyá Aláìnímú rí láyé wọn. Alápatà dúró níwájú rẹ̀ títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Àṣé ó rẹwà tó báyìí,” ló wí, ìyàwó rẹ̀ sì já a léèékánná.

Dókítà yíjú sí Fosco. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni mo ti lè rí kọfí mu?”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Fosco wọ egungun. “Èmi àlejò,” ló wí. “Èmi mọ̀ kò sí.”

“Àwọn ará ìlú ńkọ́?”

“Èmi rí ẹnì kan kò sí.”

Dókítà mi orí. Ó rìn gba àárín ìlú lọ, ó kan ilẹ̀kùn kan, ó dúró, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fọwọ́ kan ẹnu ààrò bírẹ́dì, ó tutù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó béèrè lọ́wọ́ àlùfáà bóyá wọ́n ṣì ń ṣe ìsìn níbẹ̀. Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó sì fi fóònù ya pẹpẹ ní fọ́tò.

Ó padà sọ́dọ̀ Ersilia. “Màmá, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́ kù síbí?”

“Èmi nìkan ni, ọmọ mi. Ó ti pẹ́. Àwọn tá a jọ wà tẹ́lẹ̀, àwọn kan kú, àwọn kan lọ sí ìlú ńlá.”

Ojú dókítà rọ̀. Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú. “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé òkúta kan kúrò níbí. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ìjọba máa dáàbò bò.”

Nírọ̀lẹ́, wáìnì ṣàn nílé Fosco. Ersilia jó, ayọ̀ náà pọ̀ débi pé bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò sì wá a.

Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n ń ri irin ọgbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé alápatà, títí ó fi yí gbogbo ìlú ká. Àwọn ará ìlú ní ìjọba ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń ba oko jẹ́. Wọ́n gbé omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ náà, Fosco sì ń fún wọn ní kọfí lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, bí aago márùn-ún ṣe ń lù, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba wọ ilé kọfí, ó fi ọ̀wọ̀ gba ife lọ́wọ́ Fosco, ó ní, “Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àlejò wa, a fẹ́ ti ahoro Montesordo fún òní, kí gbogbo yín máa bọ́ síta, àfi Màmá Ersilia, ọmọ ìlú kan ṣoṣo tó kù.”