Fọ́tò Ṣọ́ọ̀bù Kẹrìnlélógún

Àgádágodo ni Hàbíbátù ń tà ní Ọjà Ńlá ìlú Bouaké. Ṣọ́ọ̀bù kẹrìnlélógún ni tirẹ̀, láàárín àwọn tó ń ta ìṣó àti irin. Àmúdà ọkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́kọ́ gbà á. Àmúdà kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Sàdíátù, ìyáálé, kò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà rí. Ilé ló máa ń wà ní àdúgbò Ahougnansou, Hàbíbátù a sì máa gbé ìrẹsì àti òróró wá bá a láti ọjà. Wọn kì í jà.

Ọdún karùn-ún tí wọ́n ti já iye owó sẹfà sí méjì ni. Ọjà kò tà, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, ló kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Àwọn alábòójútó ọjà ní kí àwọn Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, mú ìwé wá. Ṣọ́ọ̀bù kan, orúkọ kan, fọ́tò kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà nínú fọ́tò ni wọn yóò fún ní káàdì. Ẹni tí kò bá ní káàdì, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní kí Jubril tẹ ìwé náà fún gbogbo wọn. Jubril ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Ahougnansou. Igba ṣọ́ọ̀bù, igba ojú ewé.

Àwọn opó méjèèjì jọ lọ síbẹ̀. Sàdíátù wo kọ̀ǹpútà náà yíká.

"Irú èyí ni Muhsinah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fi ń ṣiṣẹ́ ní Béoumi," ó wí.

Jubril tẹ orúkọ: Opó Àmúdà. Ó gbójú sókè. "Opó wo nínú yín, Táńtì?"

"Bó ṣe wà nínú ìwé ọjà láti ọjọ́ yìí nìyẹn," ni Hàbíbátù dáhùn. "Orúkọ ọkọ ni wọ́n ń kọ fún opó. Má yí i padà kí wọ́n má baà rí wa mú."

"Fọ́tò ta ni kí n fi sí i?"

Sàdíátù rẹ́rìn-ín. "Tèmi kọ́ o! Èmi tó jẹ́ pé ọwọ́ ìyàwó ni mò ń wò kí n tó jẹun. Ta ló mọ̀ mí lọ́jà?"

Jubril fi fọ́tò Hàbíbátù sábẹ́ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ sì yọ nínú kọ̀ǹpútà.

"Ó ti wọ inú ìwé báyìí?" ni Hàbíbátù bi í.

"Rárá, Táńtì. Bí mo bá kó fọ́tò igba ènìyàn sínú ìwé kan, yóò wúwo jù, kọ̀ǹpútà yìí á kú. Àpò kan wà lọ́tọ̀ tí mo kó wọn sí. Tiyín ń jẹ́ Kẹrìnlélógún. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ìwé á lọ wá Kẹrìnlélógún nínú àpò, á gbé e wá."

"Bí wọ́n bá fi ẹlòmíràn síbẹ̀, tí wọ́n pe òun náà ní Kẹrìnlélógún ńkọ́?"

"Á gbé òun náà wá. Ẹ̀rọ kì í wo ojú. Orúkọ ló ń wò."

"Tún un sọ, kí ìyáálé mi gbọ́."

Jubril tún un sọ. Sàdíátù mi orí.

"Ẹ ò rí i?" ni Hàbíbátù wí. "Ẹnì kan á fún ọmọ yìí lówó ọtí, á fi ojú tirẹ̀ rọ́pò tèmi. Pa á rẹ́ níbẹ̀. Fún mi, kí n mú un lọ."

"Táńtì, ẹ ò fọkàn tán mi?"

"Àgádágodo ni mò ń tà, Jubril. Bí gbogbo ayé bá ń fọkàn tán ara wọn, kí ni mo fẹ́ jẹ?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Jubril gbé fọ́tò náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ó sì pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ọjọ́ tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e padà wá."

Nílé, Hàbíbátù gbé dísíkẹ́ẹ̀tì náà fún ìyáálé rẹ̀. "Ọlọ́pàá ń tú àpò wa lọ́jà. Ẹ bá mi fi sínú àpótí yín." Ó mú àgádágodo tuntun wá láti ṣọ́ọ̀bù, èyí tó le jù, ó fi ti àpótí náà. Ó kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lé Sàdíátù lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sàdíátù ní òun fẹ́ lọ kí Muhsinah ní Béoumi.

"Ìyàwó, yá mi ní gèlè aláwọ̀ ewé rẹ yẹn. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ebi ń pa wá."

Hàbíbátù yá a. Ó fún un lówó ọkọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Sàdíátù ti dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ìtẹ̀wé bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń ka ṣọ́ọ̀bù tó ṣí.

"Dúró lọ́jà, ìyàwó," ni Sàdíátù wí. "Bí wọ́n bá bá a ní títì, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ni ín. Èmi á gbé dísíkẹ́ẹ̀tì lọ fún Jubril."

"Ẹ ṣé, ìyáálé mi. Ẹ má kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ o."

Ó padà dé lọ́sàn-án. "Ó ti parí. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, Jubril kò tilẹ̀ ráyè gbójú sókè wò mí."

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín káàdì, àwọn méjèèjì jọ tò. Sàdíátù ní òun fẹ́ bá a yọ̀. Wọ́n pe Opó Àmúdà. Hàbíbátù bọ́ síwájú. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wo ìwé, ó wo Hàbíbátù, ó tún wo ìwé.

"Kì í ṣe ìwọ."

"Jubril!" ni Hàbíbátù kígbe. "Mo sọ ọ́! Mo ní ọmọ yẹn á tà mí! Ìyáálé mi, ẹ wá jẹ́rìí sí i!"

Ọkùnrin náà yí ìwé sí i kó lè rí i: obìnrin inú fọ́tò wé gèlè aláwọ̀ ewé, Sàdíátù sì ti na ọwọ́ gba káàdì.