Ẹkún Alágbàfọ̀ Lórí Ajá

"Màmá, ajá mi ti kú," ni ọ̀gá obìnrin wí.

Alágbàfọ̀ fi ìdí ńlá rẹ̀ jókòó gbì sínú omi ọṣẹ, ó figbe ta. Kò ké tó yẹn nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú.

"Wárápá ẹ̀ ti le jù. Oògùn ò ràn án mọ́. Mo ti da èyí tó kù nù."

"Ẹ dà á nù kẹ̀? Mo gbé o!"

"Háà, Màmá! Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ tó báyìí."

Láràárọ̀, nínú hóró oògùn kan tí ọ̀gá ní kó fún ajá, ìdajì ni alágbàfọ̀ ń fún un. Ìdajì kejì ni ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀, tí wọn ò lágbára oògùn fún.

Ó fọwọ́ kan kókó etí ìró rẹ̀. Ìdajì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.