Ehoro Márùn-ún tí Mìsítúrà Fi Ṣe Sàárà

Ẹ má fo ìlà kankan, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹnu rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ẹ kórìíra.

1.
Ní Peckham nílùú òyìnbó, ọ̀dọ̀ Mìsítúrà ni Hàlímọ̀tù ti kọ́ oúnjẹ títà. Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òpópónà kan náà, àwọn oníbàárà yà síbẹ̀. Ó dun Mìsítúrà dé egungun. Ó búra pé àwọn council tó ń yẹ ilé oúnjẹ wò yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

2.
Ó ní kí Làtíìfù, tó ń wa lọ́rì lọ sí Sweden, bá òun ṣa ehoro tó kú sínú igbó wá.

"Aunty, òkúǹbete nìyẹn now, ẹran tó kú fúnra rẹ̀! Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Gbé e wá, jàre."

Márùn-ún ló gbé dé. Mìsítúrà fi ọ̀bẹ ya ọ̀fun wọn, kí wọ́n lè jọ èyí tí wọ́n dúńbú. Ọ̀bẹ náà sì họ ọ́ níka. Ó gbé wọn fún Hàlímọ̀tù pé sàárà ni. Ìyẹn bó wọn, ó sè wọ́n jinná, inú oníbàárà kankan kò run.

3.
Ní ọjọ́ karùn-ún, ibà dé sí Mìsítúrà. Ìka tí ọ̀bẹ họ wú, ó bẹ́, ó di egbò tí àárín rẹ̀ dúdú. Kókó so sí i lábíyá.

Dókítà Yéwándé wò ó títí. "Mummy, ṣé ẹ fọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́? Ehoro, for example? Àrùn kan wà tó máa ń yọ báyìí lára."

Mìsítúrà rántí ọ̀fun tó yà. "Rárá o. Ẹ̀gún òdòdó ló gún mi."

Wọ́n fún un lóògùn ẹ̀gún. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

4.
Irú egbò yẹn yọ sí Hàlímọ̀tù náà, àmọ́ òun sọ̀rọ̀ ehoro fún dókítà láìfi bò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un lóògùn tó yẹ, ara rẹ̀ sì yá. Ó wá kí Mìsítúrà ní hospital. Ìyẹn ò lè mí dáadáa mọ́.

"Aunty, egbò yín jọ tèmi! Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ fọwọ́ kan ehoro?"

Mìsítúrà bú sẹ́kún. "Òkúǹbete ni mo fún ẹ. Jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí."

Hàlímọ̀tù dìde. "Mo máa sọ fún doctor, kí ẹ má bàa kú. Lẹ́yìn náà, mo máa sọ fún council, mo tún máa sọ ní mọ́sálásí. Mo fẹ́ kí ẹ wà láàyè láti gbọ́ ọ."

Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Mìsítúrà yè é. Ṣọ́ọ̀bù tí council tì pa títí dòní, ti Mìsítúrà ni. Mi ò káàánú rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí egbò bá yọ sí yín lẹ́yìn tí ẹ fọwọ́ kan ẹran ìgbẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Ojú lásán kò tó fún un láti mọ àrùn náà. Ẹ sì jáwọ́ nínú ìkà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.