Ẹgba Méjì Tó Kù

Aago kan ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe é kó pé lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó lu méje, aago mélòó ló lù ní tòótọ́?

Fadérera ní mẹ́fà. Tíṣà Oyèbọ̀dé ní kò gbà á, ó nà án ní ẹgba mẹ́rin lọ́wọ́, ó ní méjì tó kù di ọ̀la. Ibà ò jẹ́ kí ọmọ náà rí ọ̀la.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, Tíṣà nìkan ló kù ní kíláàsì, ó tún ìṣirò náà ṣe. Mẹ́fà ni. Ojú tì í, ó ń ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu.

Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn dún. Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ rọra ń bọ̀.

"Ìwọ lo gbà á, ọmọ mi," ó ní, kò gbójú sókè. "Èmi ni mo ṣì í."

Àtẹ́lẹwọ́ kékeré méjì tẹ́ sórí tábìlì rẹ̀, erùpẹ̀ pupa wà nínú èékánná.

"Ó ku méjì, sà."