Ìlà Kan Tí Tíṣà Rí Tó sì Dákẹ́

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má jù ú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, àgàgà ìwọ tó o ti di kùnrùngbùn sínú látèṣí.

1.
Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan. Tíṣà ni wọ́n ń pè é, torí òun ló kọ́ gbogbo wọn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ó kọ́ ọmọbìnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kò pé ọdún méjì, wọ́n fi ọmọ náà ṣe olórí yàrá, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré.

Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Tíṣà dá àbá. Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọpọlọ yín ti rẹ̀ jàre. Ẹ fi í sílẹ̀ fáwa ọmọdé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Tíṣà wọ egungun, ó ń sọ lọ́kàn ara ẹ̀ pé: "Èmi tí mo fà á lọ́wọ́? Ojú ẹ̀ máa rí màbo!"

2.
Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Kékeré kọ ètò tuntun. Ètò náà ni kó máa yẹ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wò lójoojúmọ́, kó ṣa àwọn tí ṣúgà wọn ga jù, kó sì dá orúkọ gbogbo wọn padà, káwọn nọ́ọ̀sì lè pè wọ́n wá gba ìtọ́jú. Wọn kì í lo ètò láìjẹ́ pé ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ bá mi wò ó, mà. Mo fi èèyàn mẹ́ta dán an wò. Ẹnì kan ni tiẹ̀ ga, ó sì mú un."

Tíṣà wò ó fìrí báyìí, ó ti rí i. Ìlà tó ní "dá orúkọ padà" wọlé jù, ó bọ́ sáàárín àwọn ìlà tó ń wo èsì lọ́kọ̀ọ̀kan, dípò kó wà nísàlẹ̀ wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kan ẹni àkọ́kọ́ tí ṣúgà ẹ̀ ga, á dá orúkọ ẹni yẹn padà, iṣẹ́ parí, kò ní wo ẹlòmíì mọ́. Ó yẹ kó kọ́kọ́ kó orúkọ jọ, kó wo gbogbo èsì tán, kó tó dá wọn padà. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Tíṣà fúnra ẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ ẹ̀ fún wọn!

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rántí ẹ̀rín ọjọ́ ìpàdé.

"Ó dára," ló wí, ó sì fọwọ́ sí i. Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ń sọ nínú ara ẹ̀ pé: "Jẹ́ kó tẹ́ lójú ọ̀gá àgbà. Ká wá mọ ọpọlọ ẹni tó rẹ̀."

3.
Orúkọ kan péré ni ètò náà ń dá padà lójúmọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ara aráàlú ti ń le. Ṣé Tíṣà ò mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń jẹ́ àwọn orúkọ yẹn ni? Ó mọ̀ o! Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ò lè pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kan di méje.

4.
Àbúrò ẹ̀ pè é: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Ẹsẹ̀ màmá ni."

Ṣúgà ti mú kí egbò kékeré kan jẹra. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé e.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò ṣàyẹ̀wò?"

"Mo ṣe é, ọmọ mi, lọ́dọ̀ yín gan-an. Mi ò sọ fún ẹ, kí ọkàn ẹ má bàa dàrú. Wọ́n ní bí nǹkan bá wà, àwọn á pè mí. Wọn ò pè mí, mo sì dúpẹ́."

Tíṣà sáré lọ ṣí èsì ọjọ́ náà. Ṣúgà èèyàn mẹ́jọ ló ga. Ìyá ẹ̀ ni ìkejì.

Àṣírí ètò náà tú. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Ọ̀gá Kékeré. Wọ́n lé Tíṣà lọ, torí ọwọ́ ẹ̀ ló fi sí i. Ìyẹn ṣì kéré. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá tó ti di ẹlẹ́sẹ̀ kan di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú. Wọ́n ti sọ fún un pé àṣìṣe wà nínú ètò, ó sì dá a lójú pé ẹnì kan mọ̀ nípa ẹ̀.

"Ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́, kó má rí ìsinmi láyé. Bí mo ṣe ń jẹ̀rora yìí, bẹ́ẹ̀ ni kó máa jẹ̀rora dọ́jọ́ ikú. Ṣe àmín, ọmọ mi."

Tíṣà dáhùn pé:

"Àmín, mà."

Ìwọ tó ò ń kà á, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ọ́, bá a jà lójúkojú. Má fi ohun tó o mọ̀ pamọ́ torí kó lè tẹ́, o ò mọ ẹni tó máa kó sí i. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.