Ẹ̀rọ Kẹta

Kọ̀ǹpútà Linux ti gba kóòdù, ti Windows náà ti gbà á. Máàkì nìkan ló ń ṣagídí, opó kan nìkan ló sì ń lò ó ní ọ́fíìsì. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló kọ kóòdù tó wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ tò ó pọ̀ kó tó lè lò ó.

“Àǹtí, ago méjìlá ààbọ̀ rèé,” ni ọ̀gá wí láti ẹnu ọ̀nà. “Tó bá di ago kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ṣiṣẹ́, kóòdù ẹlòmíì la máa lò.”

“Mo gbọ́, ọ̀gá.”

Ó tún tẹ àṣẹ. Ẹ̀rọ bi í pé: *Ṣé o ti jẹun?*

Ó tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

*Irọ́ ni.*

Ó tú kóòdù náà wò, ó sì rí ìlà kan tí ọkọ rẹ̀ fi pamọ́ síbi tó jẹ́ ti Máàkì: tí ọ̀sán bá ti pọ́n, kí ẹ̀rọ má ṣe gbà, àfi tí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

Ó lè pa ìlà náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dìde, ó lọ jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tó padà dé, iṣẹ́ ti parí. *O ṣeun, Olóríkunkun.* Orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fi máa ń pè é nìyẹn.

“Kí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀?” ni ọ̀gá bi í.

“Ebi ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọ̀gá pè é láti yàrá rẹ̀. “Àǹtí, ta ló sọ fún Windows mi pé mi ò tíì jẹun?”

Opó náà ti da ìlà náà kọ síbi tó jẹ́ ti Windows, ó sì ti gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì.