Àtẹ̀gùn Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́sàn-án

Ọkọ mi kọ́ àtẹ̀gùn sínú ilé wa. Ìyá mi gùn ún, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ṣe mí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi síbẹ̀.

1.

Bíríkìlà ni ọkọ mi, kì í sì í ṣe bíríkìlà yẹpẹrẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ ìyá mi kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ìgbà tó gbà, a kọ́ yàrá kan lé orí ilé fún un. Fèrèsé rẹ̀ tóbi, torí ìyá mi fẹ́ràn kó máa wo àwọn tó ń kọjá. Ó ku àtẹ̀gùn nìkan.

Àsìkò yẹn ni mẹ́sàn-án wọ ilé wa.

Ọkọ mi lọ gẹrun, nọ́ńbà tí wọ́n fún un pé kó fi dúró, mẹ́sàn-án. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ka èrò, mẹ́sàn-án. Ó wo ìparí nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mẹ́sàn-án. Ó dé ilé, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Ìbejì, nǹkan kan ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ló ní?"

"Kò tíì sọ. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ni."

Mo ní kó wá jẹun.

2.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo mú mẹ́rin ní tèmi, mo ń wá a kiri. Àga tí mo jókòó lé, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Tábìlì, mẹ́rin. Ewúrẹ́ kan kọjá, mẹ́rin. Mọ́tò tó fẹ́ gbá ewúrẹ́ náà, táyà mẹ́rin. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, mo ti rí i ní ìgbà ogójì.

"Bàbá Ìbejì, tèmi ti ju tiyín lọ. Kí ni mẹ́rin ń sọ?"

"Ìwọ lò ń wá tìẹ. Tèmi ló ń wá mi."

Ẹ ò rí ìdáhùn! Ọkùnrin tó ń wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, tó ka èrò lẹ́ẹ̀kan péré! Ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ méjìlá ńkọ́? Kò rí ìyẹn.

3.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àtẹ̀gùn á kọ́kọ́ fi téèpù wọn gíga ilé, á wá pín in, kó lè mọ iye ẹsẹ̀ tí yóò ní. Ọkọ mi gan-an ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíì níyẹn. Ká ní ó wọn tiwa ni, mẹ́tàdínlógún ni ì bá jẹ́. Téèpù wà lápò rẹ̀, kò yọ ọ́. Ìgbà tí mo fi máa ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó ti kọ́ ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga dé orókún mi.

"Èyí ga jù."

"Ó máa mọ́ ọ lára."

Ìyá mi dé ní Sátidé, ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Ó rí àtẹ̀gùn, ó dúró.

"Àna mi, ṣé èèyàn ló máa gun èyí, àbí ràkúnmí?"

"Mẹ́sàn-án ni, mà. Ìbùkún ni."

"Ìbùkún yìí mà ga o."

Mo fà á níwájú, ọkọ mi tì í lẹ́yìn. Ní ẹsẹ̀ kẹrin, ó bú ọkọ mi. Ní ẹsẹ̀ kẹfà, ó bú èmi tí mo fẹ́ ẹ. Ìgbà tó rí fèrèsé rẹ̀, ó jó. Nígbà tó yá, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ó wo ìsàlẹ̀, ó jókòó.

"Èmi ò sọ̀ o."

4.

Ọjọ́ méjì la fi ń gbé oúnjẹ gòkè. Gbogbo àdúgbò ń kí i láti ìta, "Màmá Òkè, ẹ kú afẹ́fẹ́ o!" Òun náà ń dá wọn lóhùn, ó ń bi wọ́n léèrè ọmọ àti ìyàwó. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá a tó ti di ẹrù rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ibi tí mi ò ti lè dá jáde. Mò ń lọ sílé mi."

Mo sunkún. Ọkùnrin akunlé kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa gbé àkàbà rẹ̀ ti fèrèsé. Ìyá mi ń sọ̀, ó ń pariwo, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbójú sápá kan!" Mo wo ọkọ mi, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń ka igi àkàbà! Mẹ́wàá ni. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe rọ.

Ẹsẹ̀ ìyá mi kan ilẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó yíjú sí ọkọ mi.

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Tí o bá kọ́ èyí tí mo lè gùn, mo ń padà bọ̀. Tí o ò bá kọ́ ọ, ẹ máa wá kí mi lọ́hùn-ún."

Ọkọ mi wó àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Àfi bó ṣe wọlé lánàá.

"Ìyá Ìbejì, méjìdínlógún ni màá kọ́ ọ. Tí o bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan àti mẹ́jọ ni. Rò ó pọ̀."

Ẹ gbà mí!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Nọ́ńbà kankan kì í pe ẹnikẹ́ni. Èyí tí ẹ bá ti fẹ́ràn lẹ ó máa rí, ẹ ò sì ní rí ìyókù. Tí ẹ bá rí i lára aago, ẹ wo iye tó lù, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ má fi kọ́lé, ẹ má fi yan ọkọ, ẹ má fi gbé ìyá oníyàá sókè. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀ tó ń ka nọ́ńbà kiri.

Bàbá Ìbejì, mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ yín máa fi èyí hàn yín. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Ìyá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé ibo lẹ bá a dé. Ṣé ẹ máa yọ téèpù yẹn lápò kí ẹ wọn ilé, àbí ẹ ò ní yọ ọ́? Ẹ dá mi lóhùn níbí, níṣojú gbogbo èèyàn.